Téèpù Tí Ìyá Mi Ká Bí Aṣọ

Iṣẹ́ rédíò ni mo fi jẹun ní Tamale, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Changli. Páànù orí rẹ̀ máa ń gbóná lọ́sàn-án débi pé ẹni tó bá jókòó sábẹ́ rẹ̀ á máa wá ẹni tí yóò bá jà. Mo kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n n kò kọ́ sùúrù rẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá yájú sí mi, èmi náà á yájú sí i. Mo gbá rédíò oníbàárà kan létí lọ́jọ́ kan, ó sì sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, láti ìgbà náà ni àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé ìgbátí ni oògùn tí mo ń lò. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ìyá mi gbé téèpù bàbá mi lé lọ́wọ́.

Ọdún 1969 ni bàbá mi kúrò nílé. Ọdún yẹn ni ìjọba Ghana ní kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi ní ìwé, nítorí Tamale ni wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ sì ti gba ìwé fún gbogbo ọmọ rẹ̀ kí ó tó kú. Bàbá mi ni kò ní. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti wá, ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti ń ta aṣọ ní Tamale, ọdọọdún ni ó sì ń sọ pé òun á lọ gba ìwé náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ó mọ gbogbo àwọn akọ̀wé tó yẹ kó lọ bá. Ìyàwó wọn ló ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kó rò pé kò sí ìkánjú kankan níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ìyá mi. Ó ní kí gbogbo wa palẹ̀ mọ́, ká máa lọ sílé. Ìyá mi bi í pé ilé wo. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà, wọn kò pariwo, nítorí àwọn méjèèjì kì í fẹ́ kí ará ìjọ gbọ́ pé tọkọtaya kan ń jà nílé wa. Mo gbọ́ èyí tó parí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi ní, “Ilé yín lẹ ń lọ. Ilé tèmi rèé.” Láti ìgbà yẹn títí tó fi lọ, n kò gbọ́ kí wọ́n bá ara wọn sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ.

Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò nílé wa, a máa ń sìn ín dé ìdí mọ́tò ni. Ìbáà ṣe Kumasi ló ń lọ, ìbáà ṣe Bolgatanga níbí, aya rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú àwọn tó ń sìn ín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi ń lọ, ìyá mi ti ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó jókòó sídìí aṣọ, ó ń tú èyí tó ti ká, ó sì ń tún un ká. Àwa ọmọ nìkan la sìn bàbá mi. Ó ń bojú wẹ̀yìn ṣáá, èmi rò pé àpótí rẹ̀ tí wọ́n dì sórí mọ́tò ló ń wò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, ojú mi kò sì tíì mọ ohun tí àgbà máa ń wò.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wáyà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ti mú un lọ. Lẹ́yìn wáyà náà, tí a ṣì wà nínú ọ̀fọ̀, ni oníṣòwò kan tó gba Lomé wá gbé nǹkan kan fún wa nínú bébà. Téèpù ni, irú ti àtijọ́ tí wọ́n ká sórí kẹ̀kẹ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó tóbi tó àwo ọbẹ̀. Bàbá mi ló fi ohùn rẹ̀ sínú rẹ̀ ní yàrá kan tí àwọn ìjọ kan ti ń gba ìwàásù sílẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ohùn náà gba ojú ọ̀nà, ikú gba wáyà, ikú ló sì kọ́kọ́ dé.

Pásítọ̀ wa ní ẹ̀rọ tó lè ka téèpù bẹ́ẹ̀, tó ní kẹ̀kẹ́ méjì lórí, ọ̀kan á máa tú u sílẹ̀, èkejì á máa ká a. Ilé rẹ̀ ni a lọ. Gbogbo obìnrin ìjọ wá, wọ́n fi ìyá mi sáàárín, wọ́n dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Pásítọ̀ tẹ ẹ̀rọ, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí kí wa. Ẹ ó mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń ránṣẹ́. Ẹni ìta ni a kọ́kọ́ ń kí, a ó kí àgbà, a ó kí onílé, a ó kí aládùúgbò, kí á tó wá sórí ọmọ. Ìyàwó ẹni ló ń kẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá fi ìyàwó rẹ̀ ṣáájú, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bàbá mi kí Pásítọ̀, ó kí àwọn alàgbà ìjọ, kí ó sì tó kí ẹni kẹta, ẹkún ti gba ilé kan. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Wọn kò sọ pé à á máa gbọ́ràn. Mo rí i tí kẹ̀kẹ́ ń yí títí tí téèpù fi tán, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú rẹ̀. Ìyá mi kò gbọ́ rárá.

Pásítọ̀ kò gbà kí á tún gbọ́ ọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó fún ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀. Kí ọ̀fọ̀ sì tó tán, ìjọ ti gbé e lọ sí gúúsù, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀.

Báyìí ni ìyá mi ṣe wà fún ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú ohùn ọkọ rẹ̀ nínú àpótí, tí kò sì mọ ohun tó wí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló bá mi sọ ọ́. A jọ ń ṣa ìrẹsì ni, kò gbójú sókè. Ó ní òun kò bẹ̀rù pé ọkọ òun kú, gbogbo wa la ó kú. Ohun tí òun kò mọ̀ ni bóyá ó bá òun bínú kú. Bí ó bá ti dárí ji òun, ìparí téèpù yẹn ló máa wà. Bí kò bá sì sí nǹkan kan níbẹ̀, òun fẹ́ mọ̀ pé kò sí. Mo bá ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì tí kò lókùúta mọ́.

Nígbà tí ọdún mẹ́wàá yẹn pé, tíṣà kan láti Kanvili gbé ẹ̀rọ oníkẹ̀kẹ́ méjì wá bá mi. Ọmọ Dagomba ni, ó tutù bí omi àmù. Bí mo bá kí i ní “Dasiba” láàárọ̀, á dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì jókòó kí ó tó sọ ohun tó bá wá. Orin àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ náà gbà. Rọ́bà tó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ́ nínú ooru, ó ti di ọ̀dà. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ológeere, mo rán an, mo fi dípò, kẹ̀kẹ́ sì ń yí. Tíṣà ní wọ́n ti gbé òun lọ sí Yendi, Sátidé lẹ́yìn ọ̀sán ni òun ń lọ, ṣùgbọ́n kí n máa lo ẹ̀rọ náà títí di ìgbà náà tí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Irú rẹ̀ kò tún sí ní gbogbo ìlú tí mo mọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ènìyàn ń lò nígbà yẹn.

Ọjọ́ Ajé ni mo sọ fún ìyá mi pé n ó ka téèpù náà lórí ẹ̀rọ tíṣà, n ó sì fi wáyà gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí ó lè máa gbọ́ ọ nílé nígbà tó bá wù ú. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó ti wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ìsìn ìkórè, ó ti wé gèlè, ó sì gbé téèpù náà sí àyà. Aṣọ mẹ́ta ló fi wé e, òórùn káńfọ̀ ń jáde láti inú rẹ̀.

A dé ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí ní yàrá kejì. Mo yí bọ́tìnnì ohùn dé òpin, ariwo ẹ̀rọ nìkan ló pọ̀ sí i. Ìyá mi tẹ orí súnmọ́ sípíkà. Ó bi mí pé, “Ṣé òun nìyẹn?” Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìṣẹ́jú márùn-ún náà di ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ́kọ́ dá irin kékeré tó ń ka téèpù lẹ́bi, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní hẹ́ẹ̀dì. Mo fi òwú àti sípíríìtì nù ún títí ó fi ń dán, kò yí padà. Mo dá wáyà lẹ́bi, mo tú u, mo jó òmíràn, mo tilẹ̀ yọ kásẹ́ẹ̀tì kúrò níbẹ̀ pátápátá kí téèpù máa sọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Bákan náà ni. Mo wo rọ́bà tí mo rán, ṣùgbọ́n rọ́bà tó dẹ̀ á mú ohùn falẹ̀ ni, kò ní mú un jìnnà, ohùn yìí sì ń lọ bí ó ṣe yẹ, mo ń gbọ́ ibi tó ti ń mí. Mo fi ìdè yí hẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sí òsì, díẹ̀ sí ọ̀tún, mo dá a padà sí ibi tó wà. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo èyí, ìyá mi jókòó lórí àpótí lẹ́yìn mi nínú aṣọ ìkórè. Ó wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wá lọ́jọ́rú.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ni mo gbé téèpù tíṣà fúnra rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kí n lè mọ ẹni tó ń purọ́. Ohùn àwọn ọmọ ilé ìwé bú jáde, obìnrin tó ń dín kóósè, àkàrà ilẹ̀ ibí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí jó sídìí agbada. Ó dájú nígbà náà pé ẹ̀rọ kò ní àrùn. Bí ẹ̀rọ kò bá sì ní àrùn, téèpù ló ní in. Ó ti rẹ̀ mí, ooru ń mú mi, ojú sì ń tì mí níwájú ìyá mi. Mo yíjú sí i, mo ní, “Màámi, téèpù yìí ti kú. Ibi tí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ló pa á.”

“Tò,” ni ó wí, bí àwọn ará àdúgbò Zongo ṣe ń wí i pé àwọn ti gbọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó gbé téèpù náà kúrò lórí ẹ̀rọ, ó wé e sínú aṣọ àkọ́kọ́, ó wé e sínú èkejì, ó wé e sínú ẹ̀kẹta. Ẹnu ọ̀nà ló ti ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn Kérésì, òun á lọ bẹ̀ ẹ́ lójú oórì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú láti ọdún tó kọjá. Kò lè rìn láti ilé dé ọjà kó má jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sọ̀rọ̀ ààlà mẹ́ta.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Mo mọ òwe yìí láti kékeré, mo sì ti ń fọ́ ẹyin kiri láti kékeré. N kò lè ṣe iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ kejì. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí ara mi. Ní òwúrọ̀ Ẹtì mo ra kóósè gbígbóná àti kókó, ẹ̀kọ mímu wọn, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jà láti lọ tọrọ àforíjì.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Bí ọ̀rinrin bá ti kúrò nínú afẹ́fẹ́ báyìí, àwọn aláṣọ máa ń kó ọjà jáde, wọ́n á tú u, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á sì tún un ká sí ojú mìíràn kí ó má baà gé níbi ìlà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí ìyá mi ń ṣe nìyẹn nígbà tí mo dé. Mo gbé kóósè sílẹ̀, mo di etí aṣọ kan mú fún un bí mo ti máa ń ṣe ní kékeré, a jọ ká a. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó tú u, ó ní mo ti gbàgbé iṣẹ́ ilé wa, pé ojú aṣọ yìí, inú ló yẹ kó wà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ó lè rẹ́rìn-ín. Mo ní aṣọ tó dán báyìí, tí ẹ ń fi ojú rẹ̀ pamọ́, ta ni yóò wá rà á?

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èyí tí a fẹ́ tà ni a ń fi ojú rẹ̀ síta. Èyí tí a bá fẹ́ kó pẹ́, ojú rẹ̀ á wọnú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ti bàbá yín náà, ó sì tún kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Mo bi í pé kí ni ti bàbá wa tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ fún mi. Ní ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá mi, ó tú aṣọ tó fi wé téèpù láti fẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́, ó sì rí i pé apá tó ń dán ló kọ síta, tí eruku lè bà lé. Ó ṣe é ní kàyéfì pé ẹnikẹ́ni lè ká ohun rere bẹ́ẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ́ ẹní mẹ́rin sílẹ̀, ó tú gbogbo téèpù náà láti òde títí dé inú, ó rọra fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún, ó sì tún un ká sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ojú sínú. Odindi ọjọ́ kan ló fi ṣe é. Láti ìgbà náà, gbogbo ọyẹ́ ló ń tú apá òde rẹ̀, tó ń nù ún, tó sì ń ká a padà bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín aṣọ. Apá tó ń dán lára téèpù yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Apá tó ṣókùnkùn, tó dà bí erùpẹ̀ pupa, ni ojú rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kan hẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń fi ẹ̀yìn téèpù pa hẹ́ẹ̀dì, èmi ọ̀gá rédíò, n kò bojú wo apá tó kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti nu ohun tó mọ́, mo ti tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe, mo sì ti bú ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ gbẹ̀mí mi, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Mo ní, “Màámi, kò kú. Ó kàn kọ ẹ̀yìn sí wa ni.”

Ojú rẹ̀ yí padà, mo sì rí i pé mo tún ti sọ èyí tí kò yẹ. Mo yára ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo fi etí aṣọ kan hàn án bí téèpù ṣe rí. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá òun ti wá fi ọwọ́ òun nu ọ̀rọ̀ náà nù. N kò parọ́ fún un. Mo ní n kò mọ̀.

A ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, a yà mú téèpù nílé, a sì gba Changli lọ. Mo fi kẹ̀kẹ́ téèpù sí apá kan, mo fi kẹ̀kẹ́ òfìfo sí apá kejì, mo fún téèpù ní ìlọ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín méjèèjì kí ojú rẹ̀ lè yí padà bí ó ti ń ká lọ. Ìka mi tóbi jù, ó ń ká wọ́. Ìyá mi ní kí n dìde. Ó jókòó sípò mi, ó fi àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di ìlọ́ náà mú, ó sì jẹ́ kí téèpù máa gba àárín wọn kọjá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já, kò sì wọ́. Lẹ́yìn náà mo dá a padà sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń rò kò kúrò lọ́kàn mi. Fún ọdún mẹ́wàá ni ojú téèpù náà ti kọ síta, gbogbo ọyẹ́ ni a sì ń fi aṣọ nù ún. Èyí tó wà lóde ni ìyà máa jẹ jù, èyí tó wà nínú ni ìyà máa jẹ kéré jù. Ẹni tí a kí kẹ́yìn ló sì wà nínú jù.

Òwúrọ̀ Sátidé ni a gbọ́ ọ. Mo fi wáyà so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, mo tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn bàbá mi wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Mo ti gbàgbé pé ó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ìyá mi kò gbàgbé, nítorí bí ọkọ rẹ̀ ṣe wúkọ́ ló gbọ́wọ́ lé ẹnu.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà bí àgbàdo tí ẹyẹ ti ṣa jẹ, ọ̀rọ̀ méjì á wà, ẹ̀kẹta á sọnù. Ó kí Pásítọ̀, a gbọ́ ààbọ̀. Ó kí àwọn alàgbà, ó kí onílé wa, ó kí ẹlẹ́ran tó ń ta ẹran fún wa. Ó kí àgbẹ̀ kan ní Gumani tí òun máa ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí a sọ fún un pé iṣu ilé kò dà bí tirẹ̀. Bí ó ti ń kí wọn lọ, ohùn rẹ̀ ń mọ́ sí i. Ó kan àwa ọmọ, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí èmi mú sùúrù. Téèpù tó kù lórí kẹ̀kẹ́ kò nípọn ju ìka kan lọ, mo ń wò ó bí ó ti ń tán, ìyá mi sì ń wo ojú mi. Bàbá mi ní kí a bá òun kí gbogbo ẹni tó bá bèèrè òun. Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn.

Ó tún wúkọ́.

“Ó ku ẹnì kan. Ìyá ọmọ mi, o ò sìn mí. Mo ń bojú wẹ̀yìn títí mọ́tò fi gbéra. Mo bá ọ bínú dé Kumasi, mo bá ọ bínú dé Accra. Nígbà tí mo délé, wọ́n bi mí pé ilé ńkọ́, mo sì rí i pé Tamale ni mò ń ròyìn fún wọn. Ìwọ lo wí i re. Má di ẹrù o. Mo ti ń wá ìwé náà. Èmi ni n ó padà wá bá ọ.”

Téèpù tán, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Mo jẹ́ kó máa gbá a. Mo bojú wo ìta, mo rí tíṣà tó wá gbé ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi níímù, ó kọ ojú sí títì, kò pè wá. N kò mọ ìgbà tó ti dé. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá mi kò sunkún. Ó nu ojú kásẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú etí ìró rẹ̀, ó bi mí bóyá nǹkan kan wà ní apá kejì rẹ̀. Mo ní kò sí, òfìfo ni. Ó ní, “Ó kí mi láti ọdún mẹ́wàá. Mi ò tíì dá a lóhùn.”

Mo yí kásẹ́ẹ̀tì padà, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa gbà, mo sì fi ọwọ́ sọ fún un pé ó ti ń gbọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú kò fẹ́ ká, ó di tábìlì mú, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá ọmọ mi,” ó ní, “mo gbọ́. Ẹ má bínú pé n kò jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn ọmọ wà. Ṣọ́ọ̀bù wà. Mi ò di ẹrù.” Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. “Ẹ lọ re.”

Mo dúró de èyí tó kù. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí kò mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Mo rí i tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, tí kò sì sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní kí n pa á.